Méèlì pàǹtírí àti ìdènà ẹ̀dà lórí tẹlifíṣọ̀n

Méèlì pàǹtírí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní spam, ni méèlì tí ẹnì kan fọ́n ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láìsí ẹni tó bèèrè ẹ̀, bóyá ó fẹ́ polówó ọjà ni o, bóyá ó fẹ́ lu jìbìtì ni. Ìdènà ẹ̀dà ní tiẹ̀ ni oríṣiríṣi ọgbọ́n tí àwọn tó ni fíìmù àtàwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń fi sínú dẹ̀kódà, sínú dísìkì, kódà sínú wáyà, kí oníbàárà má baà gba ohun tó ń wò sílẹ̀, tàbí tó bá tiẹ̀ gbà á sílẹ̀, kó má lè gbé e kúrò níbi tó wà. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìbínú kan náà ni wọ́n ń fà, torí èèyàn ló fowó ara ẹ̀ ra fóònù, òun ló ń ra mégà, òun ló ra tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ ẹlòmíràn ló ń pinnu ohun tó ń wọlé tọ̀ ọ́ àtohun tó lè mú jáde níbẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀, àwọn Yorùbá orílẹ̀-èdè Benin mọ ìyọnu méjèèjì dáadáa. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń ka méèlì, tẹlifíṣọ̀n wọn náà sì wà láàárín Faransé tó ń tọwọ́ Kútọnu wá àti Yorùbá tó ń gba bọ́dà Nàìjíríà wọlé.

Bí spam ṣe bẹ̀rẹ̀

Orúkọ yẹn gan-an, ẹran inú agolo ni. Iléeṣẹ́ Hormel ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1937, nígbà tó di 1970 àwọn aláwàdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń jẹ́ Monty Python ṣe eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n tí orúkọ ẹran yìí ti ń bo gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù mọ́lẹ̀, ibẹ̀ làwọn oníkọ̀ǹpútà ti mú un. Àmọ́ ìwà náà ti wà kó tó lórúkọ. Lọ́jọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1978, Gary Thuerk tó ń bá iléeṣẹ́ Digital Equipment Corporation polówó ọjà fi ìkéde kan náà ránṣẹ́ sí bí 400 èèyàn lórí ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí íntánẹ́ẹ̀tì ti inú ẹ̀ jáde, pé kí wọ́n wá wo kọ̀ǹpútà tuntun tí àwọn fẹ́ ṣàfihàn ní California. Wọ́n bínú sí i, wọ́n sì kìlọ̀ fún un.

Ní oṣù Kẹrin 1994, lọ́yà méjì ní Arizona, Laurence Canter àti Martha Siegel, lẹ ìpolówó kan ṣoṣo mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojúlé ìjíròrò Usenet pé àwọn á bá èèyàn ṣe ọ̀rọ̀ lọ́tìrì green card, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kí àjèjì máa gbé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ lọ́tìrì yìí kò jìnnà sí wa rárá, torí títí dòní ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń tan àwọn ọmọ Benin jù, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ Benin ti lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa nínú ẹ̀ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì lẹ́ni tó ti fi orúkọ sílẹ̀ rí.

Ó máa ń rí báyìí. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ ṣí fóònù ẹ̀ láàárọ̀ kó tó tẹ́ ọjà, ó bá méèlì bí ogún, ẹni mẹ́ta péré ló mọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú ìyókù, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́, FÉLICITATIONS, àsíá Amẹ́ríkà wà lókè ẹ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ẹ̀ ti jáde, kó fi fọ́tò ìwé ìrìnnà ránṣẹ́ pẹ̀lú owó fáìlì lórí MoMo kí ọjọ́ méjì tó pé. Orúkọ tó hàn lókè ni Ambassade, ṣùgbọ́n téèyàn bá fi ìka tẹ orúkọ yẹn, àdírẹ́ẹ̀sì gidi á yọ, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ ló so pọ̀, àdírẹ́ẹ̀sì ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Ìjọba Amẹ́ríkà kì í fi méèlì sọ fún èèyàn pé ó ti jẹ lọ́tìrì yìí, ẹni tó kópa fúnra ẹ̀ ló máa fi nọ́ńbà tí wọ́n fún un lọ wò ó lórí sáìtì wọn, ẹni tó bá sì mọ èyí kan péré ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Benin, gáímàn ni wọ́n ń pe àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì, orúkọ náà sì ti wọ ẹnu gbogbo èèyàn débi pé ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí pàǹtírí fi ráyè wọlé

SMTP, ìlànà tí méèlì ń bá rìn, èyí tí Jon Postel kọ jáde ní 1982, kì í bi ẹni tó ń fi méèlì ránṣẹ́ pé ìwọ ta ni. Àwọn tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà yẹn ò pọ̀, wọ́n mọ ara wọn, kò sì sẹ́ni tó rò pé olè máa dé. Orúkọ tó bá wu èèyàn ló lè kọ pé òun ni, ojú ọ̀nà á sì gbé e lọ. Ògiri tó lanu ni aláǹgbá ń rí wọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, owó tí ẹni tó fi mílíọ̀nù kan ránṣẹ́ ń ná fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti ẹni tó fi ẹyọ kan ránṣẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tiẹ̀ lo kọ̀ǹpútà ara wọn, kọ̀ǹpútà onílé-onílé tí kòkòrò ti wọ̀ ni wọ́n ń darí láti ọ̀nà jíjìn kó máa bá wọn fọ́n ọn káàkiri. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó hàn ní oṣù Kọkànlá 2008, nígbà tí wọ́n yọ McColo kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ní California tí àwọn tó ń darí kọ̀ǹpútà oníkòkòrò ń gbé sí: lọ́jọ́ yẹn gan-an, ju ìdajì spam gbogbo ayé lọ ló dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n ti rí ibòmíràn gbé sí.

Ní oṣù Kìíní 2004 Bill Gates, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Microsoft sílẹ̀, sọ níbi ìpàdé ọrọ̀ ajé ní Davos pé kí ọdún méjì tó pé spam á ti di ohun ìgbàgbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni asẹ́, pàápàá irú èyí tí Paul Graham ṣàlàyé ní 2002, tó máa ń ka ọ̀rọ̀ inú méèlì tó sì ń ṣírò bóyá ó jọ èyí tí èèyàn ti jù nù tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n fi àmì ìdánimọ̀ kún un, SPF, DKIM àti DMARC, tó ń jẹ́ kí ẹni tó ń gba méèlì mọ̀ bóyá ibi tó ní òun ti wá ló ti wá lóòótọ́. Ọdún 2024 ni Google àti Yahoo tó sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń fi méèlì púpọ̀ ránṣẹ́. 1982 sí 2024! Ọdún méjìlélógójì ni wọ́n fi dúró kí wọ́n tó máa bi àlejò lẹ́nu ọ̀nà dáadáa.

Asẹ́ náà máa ń ṣi ẹni rere mú. Fóònù tó ń sọ Faransé á kọ courrier indésirable sórí àpótí kan tí èèyàn kì í sábà ṣí, ibẹ̀ ni lẹ́tà ilé-ìwé gíga, èsì ìwé iṣẹ́ tàbí ìwé ìpè fún ìdánwò lè wọ̀ sí, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ méèlì á sì pa á rẹ́ fúnra wọn. Ọmọ tó ń retí lẹ́tà ní Ṣábẹ̀ lè máa rò pé wọn ò dá òun lóhùn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti dá a lóhùn tipẹ́. Fún èmi, èyí burú ju pàǹtírí tó wọlé lọ, torí èèyàn ń rí èyí tó wọlé, kò rí èyí tí wọ́n gbé pa mọ́.

Ní ti òfin, Amẹ́ríkà ṣe CAN-SPAM ní 2003, èyí tó gbà kí oníṣòwò kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kó ṣáà ti fi ọ̀nà ìjáde sí i, àmọ́ Yúróòpù ti sọ ní 2002 pé àfi kí èèyàn kọ́kọ́ gbà. Benin ní ìwé òfin tó ń jẹ́ Code du numérique, òfin 2017-20 tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹrin 2018. Ó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ kí wọ́n má fi orúkọ àti nọ́ńbà òun polówó ọjà, àjọ APDP ló sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìsọfúnni ara ẹni. Ilé-ẹjọ́ CRIET náà ń dá ẹjọ́ àwọn gáímàn.

Tẹlifíṣọ̀n tó ń ti onílé mọ́ta

Tẹlifíṣọ̀n kò rí bíi méèlì, níbẹ̀ kò sẹ́ni tó fọkàn tán ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Sony gbé Betamax jáde ní 1975, tí èèyàn lè fi gba ètò sílẹ̀ kó tún wò ó tó bá dé láti ibi iṣẹ́, àwọn oníléeṣẹ́ fíìmù gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́, títí ẹjọ́ fi dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tí adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sọ ní oṣù Kìíní 1984 pé gbígba ètò sílẹ̀ láti wò ó nígbà míì kò lòdì sófin. Àwọn oníléeṣẹ́ fíìmù pàdánù níbẹ̀, wọ́n bá gba inú ẹ̀rọ lọ. Macrovision máa ń da iná àwòrán rú lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tó bá jẹ́ pé èèyàn ń dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì míì, àwòrán á máa mọ́lẹ̀, á tún máa ṣókùnkùn. DVD wá pẹ̀lú títìpa CSS, Jon Lech Johansen, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Norway, wà lára àwọn tó tú u ní 1999, wọ́n pè é lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ sì dá a láre. HDCP tí Intel ṣe wà lórí wáyà HDMI tó ń so dẹ̀kódà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kọ́kọ́rọ́ àgbà ẹ̀ já síta ní oṣù Kẹsàn-án 2010, síbẹ̀ ó ṣì wà nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n tó ń jáde.

Ohun tí HDCP ń ṣe rèé: dẹ̀kódà máa ń bi tẹlifíṣọ̀n pé kó fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ han òun kó tó gbé àwòrán jáde, bí tẹlifíṣọ̀n bá ti gbó jù tàbí wáyà ò dáa, ojú ẹ̀ á ṣú. Ẹ̀rọ méjì tó wà nínú pálọ̀ kan náà, owó ẹnì kan náà ló sì rà wọ́n, ń bi ara wọn léèrè ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ méèlì tó ti ìdàkejì ayé wá ń wọlé láìsí ẹni tó bi í.

DVD tún ní nọ́ńbà agbègbè. Amẹ́ríkà àti Kánádà wà ní 1, ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù wà ní 2, Benin wà ní 5 pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, Íńdíà àti Rọ́ṣíà. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Paris á ra dísìkì bọ̀ fáwọn ọmọ ilé ní Àjàṣẹ́, owó gidi, ọjà gidi, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún agbègbè yìí á ní òun ò mọ̀ ọ́n, VCD fíìmù Yorùbá tó ti Nàìjíríà wá sì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ kan náà torí VCD ò ní nọ́ńbà agbègbè. Àwọn àgbà á rántí pé bọ́dà ti wà nínú tẹlifíṣọ̀n ṣáájú èyí, nígbà yẹn Benin ń lo SECAM, Nàìjíríà ń lo PAL, ìlànà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n fi ń gbé àwọ̀ àwòrán jáde, tẹlifíṣọ̀n tí kò bá gba méjèèjì á gbé àwòrán Nàìjíríà jáde ní dúdú àti funfun. Lónìí sátẹ́láìtì ò mọ bọ́dà, ohun tó ń rọ̀ sórí Èkó náà ló ń rọ̀ sórí Àjàṣẹ́, káàdì inú dẹ̀kódà nìkan ló mọ ibi tí ìlú kan parí sí.

Ní Amẹ́ríkà, FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá 2003 pé kí gbogbo ẹ̀rọ tó ń gba tẹlifíṣọ̀n máa tẹ̀ lé àmì kan, broadcast flag, tó lè dín bí èèyàn ṣe ń da ètò kọ kù, ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 2005, àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé pẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì fagi lé e ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, pé FCC ò láṣẹ lórí ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lẹ́yìn tó ti gba ètò tán. Ní Japan wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlànà ẹ̀dà kan ṣoṣo ní 2004: téèyàn bá gbé ètò sórí DVD, ti inú ẹ̀rọ á pa rẹ́, tí iná bá lọ láàárín méjì, ó lè pàdánù ẹ̀. Àwọn oníbàárà pariwo títí, ní oṣù Keje 2008 wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá.

Ní Kétu, ìdènà lórúkọ míì. Àkàbà Ìdènà ni ẹnu odi àtijọ́ ìlú náà, wọ́n ṣe é kí ọ̀tá má baà wọlé, ọmọ ìlú ń gba ibẹ̀ lọ sóko, ó ń gba ibẹ̀ padà. Ìdènà tinú dẹ̀kódà kọjú sí ọmọ ilé. Ẹ wò ó bí wọ́n bá gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, eré tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni, tí baba ilé kan sì rí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti gbé ẹ̀fẹ̀ jáde níbẹ̀, tó gbà á sílẹ̀ sórí dísìkì tó so mọ́ dẹ̀kódà. Ọ̀pọ̀ dẹ̀kódà alówó oṣù máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tara wọn ti ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Tí àrá bá wá ba dẹ̀kódà yẹn jẹ́, tí wọ́n gbé òmíràn wá, dísìkì náà wà níbẹ̀ digbí, tuntun ò lè ṣí i, kọ̀ǹpútà ò lè kà á, ohun tí yóò bèèrè ni pé ṣé kí òun nù ún kúrò. Bẹ́ẹ̀ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Benin ti 2006 gbà kéèyàn ṣe ẹ̀dà fún ìlò ara ẹ̀ nílé.

Nítorí náà fóònù lọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Wọ́n á gbé fóònù dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ dákẹ́, wọ́n á ya ojú tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń lọ. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan tó lè dá èyí dúró. Ilà dúdú á máa sáré lójú àwòrán, iná pálọ̀ á hàn lójú gíláàsì, wọ́n á gbọ́ ìyá tó ń wúkọ́ àti àgbébọ̀ tó ń ké níta, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n yẹn á hàn, orin ẹ̀fẹ̀ á dún, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà ní Kútọnu lálẹ́ ọjọ́ náà.