Ọmọ Ogun Hítì Orí Tábìlì: Àwọ̀ Wo, Òfin Wo?

Eré ogun orí tábìlì ni ọ̀rọ̀ wa: ère ọmọ ogun kéékèèké, oníke tàbí olójé, tí à ń fi rúlà wọn ìrìn wọn, tí dáìsì sì ń sọ ẹni tó kú. Àwọn Hítì máa ń da oníṣeré láàmú. Hattusa, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ni olú ìlú wọn títí di nǹkan bí ọdún 1200 ṣáájú ìbí Kristi, ṣùgbọ́n Íjíbítì, ọ̀tá wọn, ló ya èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán ogun wọn tó ṣẹ́ kù.

Ṣé ará Hítì inú Bíbélì náà nìyí?

Orúkọ kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà ayé Dáfídì àti Ùráyà, Hattusa ti dahoro tipẹ́. Àwọn ìjọba kéékèèké bíi Carchemish ló ṣì ń jẹ́ orúkọ náà. Bó bá jẹ́ Ùráyà lẹ fẹ́ kùn, ogun mìíràn nìyẹn.

Àwọ̀ wo ni kí n fi kùn wọ́n?

Ògiri Abu Simbel, Luxor àti Ramesseum, àwọn tẹ́ńpìlì Íjíbítì tí wọ́n gbẹ́ ogun Kádéṣì, ogun Íjíbítì pẹ̀lú Hítì, sí, ti pàdánù ọ̀pọ̀ nínú ọ̀dà ara wọn. Ìrísí lẹ máa rí kọ́ níbẹ̀: irun gígùn, àgbọ̀n fífá, ẹ̀wù gbọọrọ. Ní ti àwọ̀, táìlì Medinet Habu, tẹ́ńpìlì Íjíbítì mìíràn, ti ayé ọba Ramesses Kẹta ni mo fọkàn tán jù. Ìgbèkùn ilẹ̀ òkèèrè ló wà lára wọn, ará Hítì kan náà wà níbẹ̀, aṣọ wọn sì lọ́nà lóríṣiríṣi. Nítorí náà, ẹ má fi àwọ̀ ṣahun. Awọ ara nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ayàwòrán Íjíbítì a máa kun ọkùnrin tiwọn ní pupa rúsúrúsú, a sì kun ará Éṣíà ní àwọ̀ ìyeyè. Àṣà iṣẹ́ ọnà wọn ni, kì í ṣe fọ́tò.

Idà wọn ńkọ́, ṣé irin ni?

Idẹ ni. Lẹ́tà kan wà tí Hattusili Kẹta, ọba Hítì, fi ṣàlàyé fún ọba mìíràn pé irin dáadáa ti tán nílé ìṣúra òun ní Kizzuwatna, agbègbè kan lábẹ́ Hítì, ó wá fi ojú ọ̀bẹ irin kan ṣoṣo ránṣẹ́. Ọba tó ń fi ọ̀bẹ kan bẹ̀bẹ̀ kò jọ ẹni tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún idà irin.

Kí ló dé tí òfin eré fi ka kẹ̀kẹ́ ogun wọn sí èyí tó wúwo?

Nítorí Kádéṣì, ní nǹkan bí ọdún 1274 ṣáájú ìbí Kristi. Àkọsílẹ̀ Ramesses Kejì, ọba Íjíbítì, sọ pé èèyàn mẹ́ta ló wà nínú kẹ̀kẹ́ Hítì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí méjì péré wà nínú tirẹ̀. Àwọn òǹṣòfin eré gbá èyí mú, wọ́n sọ gbogbo kẹ̀kẹ́ Hítì, láti ìran dé ìran, di ti èèyàn mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Àbùjá ni lójú tèmi. Lórí ògiri Seti Kìíní, bàbá Ramesses yìí kan náà, ní tẹ́ńpìlì Karnak, ọfà ni Hítì ń lò lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n gbé sórí kẹ̀kẹ́ fún ogun Kádéṣì ni ẹnì kẹta yẹn.

Báwo wá ni kí n ṣe tún òfin ṣe?

Kí oníṣeré yàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá mú èèyàn méjì pẹ̀lú ọfà, kẹ̀kẹ́ á yára, á sì máa ta lókèèrè, ṣùgbọ́n kò ní àfikún nígbà ìkọlù. Bó bá mú mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀kọ̀, ẹ fi 1 kún dáìsì ìkọlù àkọ́kọ́ nìkan, kí ẹ sì jẹ́ kí yíyà rẹ̀ nira.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni òfin ibùdó. Ní Kádéṣì, kẹ̀kẹ́ Hítì já lu ẹgbẹ́ ọmọ ogun Íjíbítì tí à ń pè ní Re lójú ọ̀nà, wọ́n tú wọn ká, wọ́n rọ́ wọ ibùdó Ramesses, agbára ìkọlù náà sì pòórá síbẹ̀. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ tó bá wọ ibùdó ọ̀tá gbọ́dọ̀ ta dáìsì: bó bá bọ́ sí 1 sí 3, ìkógun ti gbà wọ́n lọ́kàn, wọn ò ní kúrò níbẹ̀ títí ọ̀tá á fi ta tirẹ̀. Alátakò yín á rẹ́rìn-ín dákú.

Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́?

Ramesses sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ 37,000 ló dúró ti Muwatalli, ọba Hítì, lódìkejì odò Orontes. Iye tirẹ̀ nìyẹn, ó sì wù ú kí ọ̀tá rẹ̀ pọ̀. Wọn ò sọdá. Kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé.