Etí Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ

Bí èsì àyẹ̀wò kókó ọyàn bá dé, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà kọjá ibi tí wọ́n kọ “jẹjẹrẹ” sí. Èmi a máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí HER2 wà pẹ̀lú nọ́ńbà kékeré kan. Nọ́ńbà yẹn wà lára ohun tó ń sọ oògùn tó máa bá àìsàn náà mu.

Risẹ́pítọ̀ ni HER2, prótíìnì tó gún èèpo sẹ́ẹ̀lì já: apá kan yọ síta, apá kejì wà nínú. Etí sẹ́ẹ̀lì ni mo máa ń pè é. Bí kẹ́míkà tó ń mú ara dàgbà bá bà lé etí náà, apá ti inú á jí, á ta àwọn prótíìnì mìíràn lólobó, títí ọ̀rọ̀ á fi dé ọ̀dọ̀ àwọn àbùdá (jíìnì) tó ń mú sẹ́ẹ̀lì pín sí méjì. Bí kẹ́míkà bá tán, etí á dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí awọ fi ń bo ojú ọgbẹ́, tó sì ń mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Lára jẹjẹrẹ, etí yìí kì í dákẹ́ mọ́. Nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan, tó wọ́pọ̀ lára àwọn tí kò mu sìgá rí, àbùdá EGFR, etí mìíràn tó jọ HER2, ló yí padà, sẹ́ẹ̀lì wá ń gbọ́ àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò pa. Ti HER2 yàtọ̀: ó kàn pọ̀ jù ni. Kò tilẹ̀ ní kẹ́míkà tirẹ̀ tó ń dúró dè. Bí wọ́n bá ti há mọ́ra, wọ́n á so pọ̀, ariwo á bẹ̀rẹ̀. Nínú jẹjẹrẹ ọyàn 100, nǹkan bíi 15 sí 20 ló rí bẹ́ẹ̀. Dennis Slamon, dókítà ará Amẹ́ríkà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1987 pé irú èyí tètè máa ń padà wá. Ní 1998, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí trastuzumab, oògùn tó ń lẹ̀ mọ́ HER2 láti ìta. Ó lè mú kí agbára ọkàn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dín kù o, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ọkàn wò.

Risẹ́pítọ̀ lọ́wọ́ nínú bí jẹjẹrẹ ṣe ń tàn kálẹ̀ pẹ̀lú. Mùdùnmúdùn inú egungun àti ẹ̀dọ̀fóró ń tú kẹ́míkà kan jáde. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó bá ní CXCR4, etí tó ń gbọ́ kẹ́míkà yẹn, lára á máa tọ̀ ọ́ lọ bí èèrà ṣe ń tọ ṣúgà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé èsì. 3+ túmọ̀ sí pé HER2 pọ̀ gan-an. 2+ kì í ṣe ìdáhùn: wọ́n gbọ́dọ̀ ka iye àbùdá HER2 fúnra rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí bí ẹnì kan bá ti dúró síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bí àìsàn bá sì yọ níbòmíràn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ ní kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ wò, torí HER2 tinú egungun lè má bá ti ọyàn mu.