Lóṣù Kejì wọ́n ní "má dá a padà," lóṣù Kẹta wọ́n ní "dá a padà": ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹja crappie ní Texas

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ohùn ọkùnrin kan ti ń lọ láti fóònù dé fóònù láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Dallas. Ó ní lóṣù Kejì, game warden kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òfin ẹja àti ẹran ìgbẹ́, bá òun ní adágún Lake Fork, ó sì kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ dá crappie kankan padà sómi, bó ti wù kó kéré tó. Lóṣù Kẹta, òun padà síbẹ̀, òun kó gbogbo ohun tóun pa sínú kúlà bí ọmọ tó gbọ́ràn, ni game warden mìíràn bá já ìwé ìtanràn fún òun nítorí ẹja kéékèèké. "Ṣé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Ìbéèrè yín pọ̀ lórí ẹ̀, ẹ gba ìdáhùn.

Irú ẹja wo tiẹ̀ ni crappie?

Ẹja odò àti adágún ni, Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀, kò sí nílé lọ́dọ̀ wa. Ó pẹlẹbẹ bí ẹ̀pìyà, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹbí. Oríṣi méjì ló wà: èyí tí wọ́n ń pè ní funfun ní ilà tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ara èyí tí wọ́n ń pè ní dúdú kún fún tóótòòtó. Tójú yín ò bá dá a, ẹ ka ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀: 5 tàbí 6 ni ti funfun, 7 tàbí 8 ni ti dúdú. Lójú òfin Texas, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní Texas, kírọ́pì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ á dà bí ẹni tó ń bú ẹja.

Nínú àwọn game warden méjèèjì, ta ló ṣì í ṣe?

Kò sí.

Báwo ni òfin méjì tó ta kora ṣe máa tọ̀nà létí omi kan náà?

Ibú omi ni àṣírí rẹ̀. Nígbà òtútù, crappie Lake Fork máa ń kóra jọ sísàlẹ̀, níbi tó lè jìn tó 40 ẹsẹ̀ bàtà. Lóṣù Kìíní ọdún 1992, ọkùnrin kan tó ń wá crappie níbú yẹn, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ lẹ́nu ìwọ̀, fa ẹja bass kan jáde tó wọn pọ́ùn 18.18. Títí dòní, kò tíì sí bass tó tóbi jù ú lọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ Texas. Crappie ló bá wá o.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ wa. Crappie ní àpò afẹ́fẹ́ kan nínú, òun ló fi ń dúró sójú kan nínú omi. Níbú, omi tẹ àpò náà mọ́lẹ̀. Tí ìwọ̀ bá wá fa ẹja náà sókè kíá, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ti fúyẹ́, àpò á wú bíi táyà tí wọ́n fún ní atẹ́gùn jù, ikùn á le, nígbà mìíràn àpò oúnjẹ rẹ̀ á yọ sẹ́nu. Ẹ ju irú ẹja bẹ́ẹ̀ padà, kò ní lè rì. Á máa fẹ̀gbẹ́ léfòó títí ẹyẹ á fi gbé e. Kí wá ni àǹfààní kí apẹja máa ju ẹja tó ti ń kú lọ sómi, kó máa wá òmíì pa, títí á fi rí 25 tó tóbi, iye tí òfin gbà lóòjọ́? Ìdí nìyí tí òfin fi sọ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Kejì, ohun tẹ́ ẹ bá pa, ẹ mú un, àti ńlá àti kékeré. Tó bá ti pé 25, ẹ ká ìwọ̀ yín nílẹ̀.

Lóṣù Kẹta, ẹja ti kúrò níbú, inú omi tó mu èèyàn dé orúnkún tàbí ìbàdí ló wà. Àpò rẹ̀ kò wú. Ẹ dá ọmọ kékeré padà, á na ìrù, á bá tirẹ̀ lọ. Òfin íǹṣì 10, tó ní kẹ́ ẹ dá èyí tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀ padà, wá padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Ṣé gbogbo adágún Texas ló rí bẹ́ẹ̀?

Rárá. Lake Fork àti Lake O' the Pines ni ti "má dá a padà." Níbi tó pọ̀ jù, íǹṣì 10 àti ẹja 25 lóòjọ́ ni, yípo ọdún, àmọ́ àwọn adágún kan ní òfin tiwọn. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ni òfin tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Kí ló ń gbé wọn wá sétí omi nígbà ìrúwé?

Ẹyin ni. Tí omi bá ti kọjá nǹkan bí 50 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀. Láàárín 60 sí 68, akọ á gbá ojú ìtẹ́ mọ́, abo á yé síbẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ, akọ á dúró ṣọ́ ẹyin. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ sí ìyẹn, kó lọ bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́.

Oòrùn ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé. Ọ̀sán dáa ju ìdájí lọ lásìkò yìí. Etí omi ìhà àríwá ló ń kọ́kọ́ móoru, torí ó kọjú sí oòrùn, ó sì kẹ̀yìn sí atẹ́gùn tútù. Ẹ wá kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn kò dé, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú, tàbí ibi tí igi wó sí lómi. Ẹ ò nílò ọkọ̀ ojú omi.

Crappie ń wòkè jẹun, ẹ jẹ́ kí ìdẹ wà lókè orí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mò ń retí kí ohun tó ń léfòó lórí okùn mi rì. Kò rì. Ńṣe ló dùbúlẹ̀ gbalaja lójú omi, mo ní ìdẹ ti já. Àṣé ẹja ti gbé e láti ìsàlẹ̀, ó ń gbé e lọ sókè. Ìgbà tó yé mi, mo fà á tagbáratagbára, ètè ẹja ya. Ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ rọra gbé ọ̀pá sókè, ó ti tó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ fún ìrù rẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n látẹnu dé ṣóńṣó ìrù. Tó bá jẹ́ íǹṣì 9 àti mẹ́ta nínú mẹ́rin, kò pé. Àdúrà ò lè fà á gùn.

Màmá wa wá kí wa láti Ìbàdàn. Ṣé wọ́n nílò láísẹ́ǹsì?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 17 nílò rẹ̀, àlejò pẹ̀lú. Ọ̀nà àbáyọ wà: tí wọ́n bá dúró sétí omi nínú state park, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, bíi ti Lake Tawakoni, wọ́n lè pẹja láìní láísẹ́ǹsì. Ẹ ṣì máa san owó ẹnu géètì. Iye ẹja àti íǹṣì kò yí padà fún Màmá o.

Wọ́n ti já ìwé fún mi. Ṣé kí n máa bẹ̀rù?

Game warden kì í ṣe wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí sábà máa ń jẹ́ ìpele tó kéré jù, ìtanràn rẹ̀ sì wà láàárín dọ́là 25 sí 500. Ìjọba tún lè gba owó ẹja náà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń fa wàhálà sọ́rùn ni ẹni tó ju ìwé náà sínú mọ́tò tó gbàgbé rẹ̀, torí adájọ́ lè ní kí wọ́n lọ mú un. Ẹ dáhùn kí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ tó pé.

Ejò ńkọ́?

Ó wà. Tí oòrùn bá ti ń mú crappie jáde, ó ń mú cottonmouth náà jáde, ó sì lóró. Ẹ wọ bàtà tó ga, ẹ má ki ọwọ́ bọ abẹ́ igi tó wó.

Ṣé ó ṣeé fi se ọbẹ̀?

Ẹran rẹ̀ funfun, ó rọ̀, á tú sínú ọbẹ̀ ata. Ẹ dín in.