Ẹ Jẹ́ Kí Afárá Irin Mì, Ẹ Jẹ́ Kó Mí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gosiló ká wa mọ́ orí afárá kan nílùú Òṣogbo níbí. Tírélà tó ru sìmẹ́ńtì gba òdìkejì kọjá, gbogbo abẹ́ wa sì gbọ̀n rìrì. Ọmọkùnrin tó wa kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ yíjú padà: "Bàbá, ẹ ò rí i bó ṣe ń mì? Èyí ò ní pẹ́ wó o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé tí kò bá mì rárá ni èmi máa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí. Ó wò mí bí ẹni tí ọtí ń pa.

Ẹńjiníà ni mí, afárá ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Mi ò dá ọmọ yẹn lẹ́bi. Ilé tó bá ń mì, èèyàn á sá jáde ni. Àmọ́ afárá kì í ṣe ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba orí afárá tí wọ́n fi wáyà so rọ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun kọjá mọ̀ pé béèyàn bá ti gbẹ́sẹ̀ lé e ló ti ń fì.

Irin ló sì máa ń mì jù, bẹ́ẹ̀ irin ló wúwo jù. Ẹ gé irin bí àpótí tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan: nǹkan bíi kílò 7,850 ni. Kọnkéré tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 2,400 lọ. Ṣùgbọ́n agbára irin pọ̀ débi pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ló máa ṣe iṣẹ́ tí òkìtì kọnkéré ń ṣe. Kọnkéré gba kí ẹrù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò gba kí wọ́n fà á. Ìdí nìyẹn tí a fi ń to rọ́ọ̀dù sínú rẹ̀. Irú rọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ irin Òṣogbo fún, òun pẹ̀lú ti Jos àti ti Katsina. Ti afárá irin ìgboro yàtọ̀. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn ni wọ́n ń jó pọ̀ di àpótí gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo. Ó lágbára, ó fúyẹ́, nítorí náà ó ń mì.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ta kánópì nígbà ìnáwó. Wọ́n á gbé òpó nàró, okùn iwájú á di aṣọ mú, okùn ẹ̀yìn á lọ sínú èèkàn. Kí ọmọdé kan yọ èèkàn yẹn, kí gbogbo ìyá ìyàwó wá wà lábẹ́ kánópì. Bí afárá Erasmus ṣe dúró nìyẹn, èyí tí Ben van Berkel yà fún ìlú Rotterdam ní ilẹ̀ Netherlands, tí wọ́n sì ṣí ní 1996. Òpó kan ṣoṣo ló ní, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 139, ó sì tẹ̀ ní ìbàdí, ó fara sẹ́yìn bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga jíjìn. Wáyà 32 di ojú ọ̀nà mú níwájú, 8 tó ki jù wọ́n lọ sì fà á sẹ́yìn sílẹ̀. Ẹwà tí ayé ń yìn lára rẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Èmi ò rí ẹwà kankan nínú iná aláràbarà tí wọ́n ń so mọ́ afárá ní tiwa.

Ní ọdún 1996 yẹn kan náà, òjò òun atẹ́gùn pa pọ̀ dé sí afárá Erasmus. Omi ń ṣàn lára wáyà, ó yí bí ara wáyà ṣe rí padà, atẹ́gùn wá rí ibi tẹnu mọ́, wáyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ohun tí wọ́n fi tún un ṣe dà bíi ṣọ́ọ̀kù ọkọ̀. Irú oògùn yìí náà ni wọ́n lò fún afárá ẹlẹ́sẹ̀ Millennium ní London, tí wọ́n ṣí ní June 2000, tí wọ́n sì tì lẹ́yìn ọjọ́ méjì torí pé èrò ń gbé ẹsẹ̀ bá mímì rẹ̀ mu láìmọ̀. Wọn ò kó irin kún un kó lè le. Ṣọ́ọ̀kù ni wọ́n fi sí i.

Mímì nìyẹn. Mímí ńkọ́? Páànù orí ilé yín tó ń dún kọ́, kọ́, lọ́sàn-án ni kẹ́ ẹ fi wò ó: oòrùn ló ń nà án. Bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius kan lé sí i, mítà irin kan á fi mílímítà 0.012 gùn sí i. Ó kéré lójú, àmọ́ nínú afárá gígùn, ó ń gorí ara wọn ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń de ìparí afárá kan, tí a ń gbé ìparí kejì lé rọ́bà kó lè sún lọ sún bọ̀, tí a sì ń fi àlàfo sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń gbá títì máa ń gbá iyanrìn sínú àlàfo yẹn títí á fi dí. Èyí, àti irin tó ń dípẹtà lábẹ́ ọ̀dà, ló ń bà mí lẹ́rù ju mímì lọ.

Ìgbìmọ̀ àdúgbò kan ní afárá ẹlẹ́sẹ̀ onírin, mítà 30, lórí odò kékeré. Bàtà onígìgísẹ̀ ń há sínú àlàfo rẹ̀. Wọ́n pe wẹ́dà lọ́sàn-án gangan nínú oṣù March, ó sì jó àlàfo náà pọ̀. Irin tó ti gbóná, tó ti nà tán, ni wọ́n dè níbi orí méjèèjì. Láàárín ọ̀sán bẹ́ẹ̀ àti ìdájí ọyẹ́, irin lè fi ìwọ̀n 25 tutù sí i. Mílímítà 9 nìyẹn fún mítà 30. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ó ti fa ògiri ìdí rẹ̀ ya, bóòtù méjì sì ti já. Èmi náà gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yẹn, mi ò bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀.

Wẹ́dà yẹn náà la ní kó wá gé e ní ìdájí. Bó ṣe kù díẹ̀ kó gé e tán, irin dún gbàù, wẹ́dà ju ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sá. Abẹ ẹ̀rọ yẹn ò nípọn ju mílímítà 3 lọ. Mo fi téèpù wọn ojú ibi tó gé: mílímítà 8.