Bíbó Króòmù Kúrò Lára Ike Ọkọ̀ Àwòṣe

Bíbó króòmù ni iṣẹ́ tí àwọn tó ń to ọkọ̀ àwòṣe máa ń ṣe láti mú ìbora tó ń dán bíi fàdákà kúrò lára bọ́ńpà, gírìlì, wíìlì àti dígí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n tó lẹ̀ wọ́n tàbí kí wọ́n tó kùn wọ́n lọ́dà. Ọkọ̀ àwòṣe tí à ń wí ni èyí tó máa ń wà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí ẹni tó rà á yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀. Ìwọ̀n 1/24 àti 1/25 ló wọ́pọ̀ jù. Mítà kan lára ọkọ̀ gidi á di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lára àwòṣe.

Ní Abẹ́òkúta, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí kò ní láti wá èròjà rẹ̀ lọ jìnnà. Ohun tó ń jẹ ìbora náà kò ṣàjèjì sí àwọn aláró Ìtòkú àti Kémta tó ń ṣe àdìrẹ. Láyé àtijọ́, omi eérú ni wọ́n fi ń po èlú kí aró tó lè mú aṣọ. Lónìí, kọ́sítíìkì sódà ti gbapò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò aró. Omi eérú, kọ́sítíìkì sódà àti Hypo tí a fi ń fọ aṣọ funfun, álíkálì (irú èròjà tó jẹ́ òdìkejì ásíìdì) wà nínú gbogbo wọn. Alumíníọ̀mù sì ni ìbora náà ní ti gidi, kò sì lè dúró níwájú álíkálì. Ìyá tó bá ti fi kánún se nǹkan nínú ìkòkò alumíníọ̀mù rí mọ bí inú ìkòkò náà ṣe máa ń dúdú.

Ohun tó wà lára ike náà

Orúkọ tí wọ́n ń pe ìbora yìí ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí kò sí króòmù kankan nínú rẹ̀. Bọ́ńpà Volkswagen ìjàpá gidi jẹ́ irin tí wọ́n fi iná mànàmáná mú níkẹ́lì àti króòmù lẹ̀ mọ́ lára. Ti àwòṣe jẹ́ ike polystyrene. Wọ́n á kọ́kọ́ fi fáníṣì kùn ún kí ojú rẹ̀ lè jọ̀lọ̀, wọ́n á gbé e sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á wá mú kí alumíníọ̀mù gbóná títí yóò fi di oru. Oru yìí ló ń balẹ̀ sára ike. Wọ́n sì sábà máa ń fi fáníṣì mìíràn bò ó lórí kí ó má baà tètè họ. Alumíníọ̀mù náà kì í sábà nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírómítà, bẹ́ẹ̀ irun orí ènìyàn máa ń tó máíkírómítà 50 sí 100. (Ilé-iṣẹ́ AMT ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, fa orúkọ rẹ̀ yọ láti inú Aluminum Model Toys, torí alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ àwòṣe wọn àkọ́kọ́ kí wọ́n tó yí sí ike.)

Ìpele mẹ́ta ló wà, nígbà náà: fáníṣì òkè, alumíníọ̀mù, fáníṣì ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kò ní ṣe iṣẹ́ náà ní àbọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń bó o

Gọ́ọ̀mù ike kì í ṣe bíi súpà gúlù. Ńṣe ló máa ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Bí alumíníọ̀mù àti fáníṣì bá wà láàárín, gọ́ọ̀mù kò rí ike yọ́. Á dà bí ẹni pé ó ti lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, kí ọwọ́ ṣèèṣì kàn án, bọ́ńpà á já bọ́. Ẹni tó fẹ́ kí dídán náà wà bó ṣe wà lè fi abẹ ha ojú ibi tí gọ́ọ̀mù máa kàn nìkan. Ìyẹn ti tó.

Ọ̀dà náà kì í di ojú tó jọ̀lọ̀ bẹ́ẹ̀ mú dáadáa. Èékánná lásán lè ká a kúrò. Bákan náà ni àpá máa ń wà níbi tí wọ́n ti gé ike kúrò lára férémù rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fi sáńdípépà ha àpá yẹn tí dídán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ìdí kan tún wà tó jẹ́ ti ojú nìkan. Ìjàpá tó ti fi ogún ọdún rìn láàárín Láfẹ́nwá àti Pansẹ́kẹ̀ kò lè ní bọ́ńpà tó ń dán bíi dígí. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwòṣe rẹ̀ jọ ọkọ̀ tí òun mọ̀ lójú títì, àfi kó bó o.

Bí wọ́n ṣe ń bó o

Hypo ló rọrùn jù, òun ló sì yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á da díẹ̀ sínú ike oníderí, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á sì rẹ àwọn ẹ̀yà náà sínú rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Bí ìṣẹ́jú mélòó kan bá ti kọjá, dídán náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ihò wẹ́wẹ́ á yọ lára rẹ̀ bí aṣọ tí kòkòrò jẹ, ihò á pàdé ihò, àwọ̀ ike gan-an á sì yọjú. Bí fáníṣì òkè bá nípọn, ó lè di ọjọ́ kejì. Hypo tó ti pẹ́ nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù á lọ́ra, nítorí oòrùn àti ooru máa ń dín agbára rẹ̀ kù; èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kí a rà.

Fáníṣì ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Hypo kì í mú un kúrò, kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn sójú. Bí a bá gbé gírìlì sí abẹ́ iná, a óò rí i tó ń tàn yinrin, tó sì dúró sínú àwọn ihò tóóró bí oje igi, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọ̀ bíi ti oyin. Bí a bá kun ọ̀dà lé e, gbogbo ìlà tó yẹ kó hàn ketekete á kún dí. Sípírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì lè mú un rọ̀. A óò rẹ ẹ̀yà náà sínú rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ká wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Òróró bíréèkì DOT 3 náà ń ṣe é, àmọ́ kí ike má pẹ́ jù nínú rẹ̀.

Kọ́sítíìkì sódà lágbára ju Hypo lọ, ó sì sábà máa ń mú alumíníọ̀mù àti fáníṣì lọ pa pọ̀. Ṣíbí 2 sínú lítà omi tútù kan ti tó. Sódà ni a ń dà sínú omi. Ẹni tó bá da omi lé sódà lórí, ó lè ta sí i lójú. Omi náà á gbóná fúnra rẹ̀, kí a sì jẹ́ kó tutù kí a tó kó ike sí i, torí ooru máa ń wọ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́. Kí a má ṣe lo abọ́ alumíníọ̀mù láéláé: sódà á jẹ abọ́ náà, gáàsì háídrójìn tó ń jáde sì lè gbiná.

Tínà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ni bẹntiróòlù. Àwọn méjèèjì máa ń yọ́ polystyrene. Gírìlì tó wọlé pẹ̀lú ìlà ogún lè jáde bí ẹ̀bà.

Kò sí àwàdà nínú ọ̀rọ̀ pípo nǹkan pọ̀. Hypo àti ásíìdì, ì báà jẹ́ omi bátìrì tàbí oje ọsàn wẹ́wẹ́, á mú gáàsì klóríìnì jáde, èyí tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Hypo kò gbọdọ̀ pàdé sípírítì náà. Nítorí ìdí èyí, a gbọ́dọ̀ fi omi púpọ̀ ṣan ẹ̀yà tó bá ti inú Hypo jáde kó tó wọ inú nǹkan mìíràn, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà sí abọ́ náà.

Kíkùn rẹ̀

Lẹ́yìn tí a bá ti fi ọṣẹ fọ ike náà tó sì ti gbẹ, sáńdípépà 600 á mú àpá rẹ̀ kúrò. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, òun náà ló sì ń tú àṣírí fáníṣì tó bá ṣẹ́kù. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin lè mú kí ọ̀dà tó ń dán ṣú bí ìkùukùu. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá, kí a sì fi páálí bo ẹ̀yà náà títí yóò fi gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí bọ́ńpà náà tún dán á kọ́kọ́ kùn ún ní dúdú tó ń dán, kó tó fọ́n ọ̀dà fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Ti ọkọ̀ tó ti gbó kò gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀: fàdákà tó ti ṣú díẹ̀, àti àwọ̀ ìpẹtà lábẹ́ etí bọ́ńpà, níbi tí ẹrẹ̀ máa ń ta sí lójoojúmọ́.