Dígíríì kan náà, ìnira ọ̀tọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ lọ sinmi ní erékùṣù olóoru

Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, tí iléèwé bá ti gba ìsinmi, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń wá erékùṣù kan lọ, níbi tí òkun ti mọ́ tí oòrùn sì ń ràn. Bí wọ́n bá débẹ̀, ooru ló kọ́kọ́ máa ń bá wọn lábo. Kì í ṣe pé wọn ò mọ ooru rí, àmọ́ ooru tibẹ̀ kì í hùwà bí èyí tí wọ́n mọ̀. Àwọn ìbéèrè tó ń rú èèyàn lójú jù nípa rẹ̀ ni mo mú níbí. Dígíríì Celsius ni gbogbo ìwọ̀n ooru tí mo kọ.

Áàpù ojú ọjọ́ ní dígíríì 32 ni ibi tí à ń lọ. Ilẹ̀ gbígbẹ ni à ń gbé, ó sì máa ń dé 38 lọ́dọ̀ wa, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Kí ló wà nínú 32 tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún wa?

Ọ̀rinrin ni. Bí ooru bá mú, òógùn ni ara fi ń wá ìtura, àmọ́ òógùn tó ń kán sílẹ̀ kò wúlò fún iṣẹ́ yẹn. Èyí tó bá gbẹ kúrò lára, tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ló ń gbé ooru lọ. Bí lítà òógùn kan bá gbẹ tán lára èèyàn, ooru tó máa bá a lọ tó nǹkan bíi 2,400 kilojoule (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára ooru), èyí kì í sì í ṣe kékeré. Ní ilẹ̀ gbígbẹ, òógùn máa ń gbẹ kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ làágùn rárá. Ní erékùṣù, afẹ́fẹ́ ti gba omi débi pé kò fẹ́ gba òmíràn mọ́. Aṣọ tí a sá lọ́jọ́ òjò ni ọ̀rọ̀ ara wa níbẹ̀: ó wà lórí okùn látàárọ̀ dalẹ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, National Weather Service, ní tábìlì kan tí wọ́n fi ń ṣírò bí ooru ṣe máa rí lára. Bí dígíríì bá jẹ́ 32, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 33 ló máa rí lára. Kí ọ̀rinrin gòkè dé ìdá 70, dígíríì 32 yẹn kan náà máa di nǹkan bíi 41 lára. Inú ibòji ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀ o. Ẹni tó bá dúró sínú oòrùn gan-an máa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èwo wá ni ká máa wò lórí áàpù? Ṣé ìdá ọ̀rinrin yẹn ni?

Ìyẹn máa ń tan èèyàn jẹ. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ó lè jẹ́ ìdá 95, ara á sì tù yín, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù kì í lè gba omi púpọ̀, kíá ló ń kún. Tó bá di ọ̀sán, ìdá náà lè bọ́ sí 65, síbẹ̀ kí ẹ máa wá ibi tí ẹ máa sá sí. Èyí tí kì í tan èèyàn jẹ ni ìwọ̀n tí ìrì fi ń sẹ̀, èyí tí àwọn áàpù ń pè ní dew point. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ gan-an ló ń sọ. Tí kò bá tó 16, ara á fúyẹ́. Tó bá ju 21 lọ, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára. Tó bá ti dé 24, aṣọ á lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn kí ẹ tó rìn dé òpin àdúgbò, ọ̀pọ̀ erékùṣù ilẹ̀ olóoru ló sì máa ń wà láàárín 23 sí 25 nígbà òjò. Èmi kì í tilẹ̀ wo nǹkan mìíràn lórí áàpù mọ́ bí mo bá ti rí ìyẹn.

Kí ló dé tí kì í tutù lóru? Ní aṣálẹ̀, bí oòrùn bá ti wọ̀, èèyàn á nílò bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Nǹkan méjì ló fà á. Òkun tó yí erékùṣù náà ká ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lè jẹ́ 28 tàbí 29 nígbà ooru, kì í sì í tutù kíákíá bíi yanrìn. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ rọ́nà gòkè lọ. Nítorí náà, nígbà tí aṣálẹ̀ ń fi dígíríì 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ lóru, erékùṣù lè má fi ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ sílẹ̀.

Yàrá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Àwọn èèyàn á náwó sórí yàrá tó kọjú sí òkun, wọn ò sì ní béèrè bóyá atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ béèrè bóyá fèrèsé wà ní ìhà méjì, bóyá nẹ́ẹ̀tì wà lójú rẹ̀, bóyá fáànù wà lókè bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fojú kéré fáànù. Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 30, fáànù máa ń ká ọ̀rinrin tó bo awọ ara kúrò, òógùn á sì ráyè gbẹ. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ní, 25 tàbí 26 ti tó. Ẹni tó gbé e sí 18, tó tún ń jáde tó ń wọlé, ń fi ara rẹ̀ ṣeré ni.

Oṣù wo ló dáa jù láti lọ?

Oṣù nìkan kọ́ ni ìdáhùn, ibi tí ẹ ń lọ náà wà níbẹ̀.

Nínú òkun Karibéánì, ìgbà ìjì líle bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ó parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá. Láti àárín oṣù kẹjọ títí wọnú oṣù kẹwàá ló máa ń le jù, téńté rẹ̀ sì ni nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án. Àwọn kan máa ń sọ pé oṣù keje kò léwu. Ìjì tí wọ́n pè ní Beryl ya wọ Carriacou, ní orílẹ̀-èdè Grenada, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, ó sì ba erékùṣù náà jẹ́ kanlẹ̀. Torí náà, ẹ má fi oṣù keje ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó bá fẹ́ Karibéánì dandan lóṣù kẹjọ lè wo Aruba, Bonaire àti Curaçao. Wọ́n wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún nítòsí Venezuela, ìjì kì í sábà gba ibẹ̀, òjò wọn kò pọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ níbẹ̀ dáadáa.

Àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ Karibéánì ni? Nísàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé, ìgbà tí ooru ń mú àwọn ará òkè ni tiwọn ń rọlẹ̀. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ìgbà tútù ní Mauritius, ìgbà ìjì tiwọn ti lọ, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kọkànlá ni ó máa tún padà. Bali wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Zanzibar ti parí òjò ńlá oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ó sì gbẹ títí dé oṣù kẹwàá. Tó bá jẹ́ pé ìsinmi iléèwé ló dá ọjọ́ yín fún yín, tí ẹ ò sì lè yí i padà, ìsàlẹ̀ yẹn ni màá ní kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rẹ́ mi méjì lọ sí erékùṣù kan náà lóṣù kan náà. Ọ̀kan ní òjò kò jẹ́ kí òun jáde, èkejì ní òun kò rí ẹ̀kán òjò kan. Ta ló ń parọ́?

Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n sùn sí.

Afẹ́fẹ́ kan wà tó ń fẹ́ lórí òkun ilẹ̀ olóoru lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Lókè ìlà agbedeméjì ayé, ìhà àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ni. Tí afẹ́fẹ́ olómi yìí bá kan òkè, ó máa gòkè, á tutù, á sì da omi rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Kó tó dé ẹ̀yìn òkè, ó ti gbẹ. Ní erékùṣù tó tóbi jù ní Hawaii, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún ní ìlú Hilo, ní ìhà ìlà-oòrùn, ju mìlímítà 3,000 lọ. Ní Kawaihae, lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún, kò tó 300. Erékùṣù kan náà ni, mọ́tò á sì gbé yín láti ọ̀kan dé èkejì láàárín wákàtí díẹ̀.

Ìhà tí afẹ́fẹ́ ń dojú kọ máa ń tutù sára díẹ̀, ó ní ewéko, àmọ́ òjò wà níbẹ̀, òkun rẹ̀ sì máa ń ru. Ìhà kejì ní oòrùn, òkun rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, àmọ́ atẹ́gùn lè ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹ wo Barbados: ní Bathsheba, ní ìhà ìlà-oòrùn, ìgbì òkun tóbi débi pé àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì ló ń wá a lọ, nígbà tí etíkun ìwọ̀-oòrùn rọlẹ̀ fún ọmọdé láti wẹ̀. Ẹ mọ èyí tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó sanwó ilé. Bí òkè bá wà níbẹ̀, ẹ rántí pé nǹkan bíi dígíríì mẹ́fà ni ooru fi ń dínkù tí èèyàn bá gun 1,000 mítà. Ẹni tí ooru bá ń dà láàmú lè sùn lókè, kó máa sọ̀kalẹ̀ wá wẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ni ara á fi mọ́ ọn lára?

Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ó túmọ̀ sí pé ara ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń di ẹrù padà sílé. Ẹ má fi ọjọ́ kejì gun òkè. Kí ẹ fi àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ jáde, kí ẹ fi ọ̀sán sinmi, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe.

Àgbàlagbà, ọmọ ọwọ́, aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn tó ń múni tọ̀ nílò ìṣọ́ra jù. Kí ẹni tó ń lo oògùn bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lọ. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ tí kò jọra, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, kì í ṣe àárẹ̀ lásán nìyẹn. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí ẹnì kan sì pe àwọn elétò pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀.

Aṣọ ńkọ́?

Èyí tó fẹ̀, tó fúyẹ́, tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ fi jíìnsì sílé. Bó bá rin, ọjọ́ méjì ni yóò fi gbẹ.

Kámẹ́rà mi ńkọ́? Wọ́n ní ó máa ń ṣú.

Ó ń ṣú lóòótọ́. Bí ẹ bá gbé e jáde láti yàrá tútù, ọ̀rinrin ìta á sẹ̀ sórí gíláàsì rẹ̀ bí ìrì. Ẹ fi í sínú báàgì rẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má yọ lẹ́ǹsì rẹ̀ níta nígbà yẹn.

Ṣé insọ́ránsì ìrìn àjò máa ń san owó padà bí ìjì bá dé?

Ó wà lọ́wọ́ ọjọ́ tí ẹ rà á. Bí wọ́n bá ti sọ ìjì náà lórúkọ kí ẹ tó rà á, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ sanwó ọkọ̀ òfuurufú ni kí ẹ rà á.

Ìpara oòrùn àti oògùn ẹ̀fọn, èwo ló ń ṣíwájú?

Ìpara oòrùn ni. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó fi ti ẹ̀fọn lé e. Awọ dúdú náà ń jóná, ó kàn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn ni. Ẹ ka ohun tó wà lára ìpara náà kí ẹ tó rà á: láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, Hawaii kò gbà kí wọ́n máa ta èyí tó ní oxybenzone tàbí octinoxate láìsí ìwé dókítà, láti dáàbò bo iyùn inú òkun, orílẹ̀-èdè Palau sì ti fòfin de irú ìwọ̀nyí láti ọdún 2020.

Ní ti ẹ̀fọn, àpò ẹ̀fọn nìkan kò tó. Irú èyí tó ń tan ibà dengue kálẹ̀, Aedes aegypti, ọ̀sán ló ń jẹni, pàápàá lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́ àti kí oòrùn tó wọ̀. Bí ibà bá mú yín níbẹ̀, ẹ má lo aspirin tàbí ibuprofen, nítorí dengue lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Paracetamol ni kí ẹ lò kí ẹ tó rí dókítà. Dengue sì lè fi ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá sá pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá ti jẹni, ìyẹn ni pé ó lè jẹ́ ilé ni ẹ ti máa dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí ọsibítù lẹ́yìn tí ẹ ti padà, erékùṣù tí ẹ ti ń bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ fún wọn.