Bí Kíláàsì Yunifásítì Ṣe Ń Dúró Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ilé ìwé ní Nàìjíríà wà ní títì nítorí àrùn Kòrónà, àwọn yunifásítì aládàáni kan kó kíláàsì wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ló dá ti ìjọba dúró títí di oṣù kejìlá, kí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni lórí ẹ̀rọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kàn gbé wákàtí méjì tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn sórí Zoom bó ṣe rí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Fídíò ń jẹ dátà. Kíláàsì Zoom tí èrò pọ̀ níbẹ̀ lè jẹ tó gígábáìtì kan láàárín wákàtí kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ́ọ̀sì mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba wákàtí méjì lọ́sẹ̀, á nílò bíi gígábáìtì 16 lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ta ló fẹ́ máa ra ìyẹn fún un? Bí olùkọ́ bá ká ohùn rẹ̀ nìkan sílẹ̀, tó sì fún fáìlì náà pọ̀ dáadáa kó lè kéré, wákàtí kan lè má ju mẹ́gábáìtì 30 lọ. Ojú ìwé mẹ́wàá tí a tẹ̀ sínú PDF kì í sábà tó mẹ́gábáìtì kan.

Ìdí nìyí tí ètò tó bá wà létò fi máa ń yí bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀sẹ̀ padà. Níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ìwé kíkà àti ohùn tí a ká sílẹ̀ á ti wà lórí pèpéle ẹ̀kọ́, ìyẹn ibi tí olùkọ́ ń kó ẹ̀kọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbà wọ́n sórí fóònù nígbàkígbà tí iná bá wà tí nẹ́tíwọ̀kì sì já gaara. Á kà á, á dáhùn ìbéèrè ránpẹ́, á kọ ibi tí kò yé e sílẹ̀. Ìpàdé orí fídíò á wá kù sí bí ogójì ìṣẹ́jú, ibi tó ta kókó nìkan ni wọ́n á sì tú níbẹ̀. Ẹni tí iná kú mọ́ lójú lọ́jọ́ náà kò pàdánù ẹ̀kọ́. Ìdáhùn sí ìbéèrè díẹ̀ ló pàdánù, ó sì lè gbọ́ ọ tí wọ́n bá ká a sílẹ̀.

Moodle wà lára àwọn pèpéle tí yunifásítì ń lò jù. Martin Dougiamas ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà, ó jáde ní 2002, ilé ẹ̀kọ́ kò sì ní san owó kí ó tó gbé e sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Áàpù rẹ̀ ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kó kà á láìsí nẹ́tíwọ̀kì. WhatsApp dára fún ìkéde, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ ibi ìpamọ́ ẹ̀kọ́: ohun tí a fi ránṣẹ́ lánàá ti rì sábẹ́ ọ̀rọ̀ igba ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni fọ́tò tí wọ́n ya nínú ìwé kì í sábà ṣeé kà dáadáa fún ẹ̀rọ tí ń ka ìwé sókè fún afọ́jú, ó sàn kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Àǹfààní Moodle tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò: ó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé àti ẹni tí kò wọlé. Nínú gbọ̀ngàn, ojú ló ń sọ fún olùkọ́ pé nǹkan ò yé ọmọ kan. Lórí ẹ̀rọ, ẹni tó ti ń rì kì í pariwo, ńṣe ló ń dákẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ṣe é dáadáa, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo àkọsílẹ̀ yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì pe ẹni tí kò wọlé lórí fóònù. Ó lè jẹ́ dátà ló tán, ó lè jẹ́ fóònù ló bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ìyá ọmọ náà ń ṣàìsàn. Láìsí ìpè yẹn, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ títí èsì ìdánwò á fi jáde.

Olùkọ́ náà nílò ẹni tí yóò gbé e lẹ́sẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: kí kọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà. NOUN, yunifásítì ìjọba tí ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì ní 1984, tí ìjọba Ọbásanjọ́ sì jí dìde ní 2001, ti ń ṣe èyí tipẹ́. Ẹ ṣí ìwé ẹ̀kọ́ wọn kan: níwájú rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, àti ẹni tó ń ṣàkóso kọ́ọ̀sì náà wà. Ṣùgbọ́n ní 2020, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n retí pé kó kọ ẹ̀kọ́, kó ká ohùn, kó gbé e sórí pèpéle, kó sì máa dá ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lóhùn ní òru. Kò tọ́. Ẹ̀ka tó mọ ẹ̀rọ ló yẹ kó gba apá ìkẹyìn yẹn, kí ọwọ́ olùkọ́ lè dilẹ̀ fún ẹ̀kọ́.

Ìdánwò náà gbọ́dọ̀ yí padà. Ìbéèrè tí Google lè dáhùn kò dán ẹnikẹ́ni wò. Èyí tó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ohun tó kọ́ lórí ọ̀rọ̀ àdúgbò rẹ̀ ló ń fi ìmọ̀ hàn. Ní ti iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, kò sí fídíò tó lè rọ́pò rẹ̀: wọ́n máa ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ọgbà ní ìpín-ìpín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka ìwé rẹ̀ tán nílé.